Ọwọ́ Tí Ó Ń La Ikùn Kọjá



Láti ìgbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì ti parí ni àwọn kan nínú yín ti ń bi mí léèrè ohun tí ó ń mú kí iná yàrá òkè mọ́ṣáláṣí wa máa tàn títí di ọ̀gànjọ́ òru ní alẹ́ Sátidé. Mo gbọ́ pé ẹnìkan tilẹ̀ sọ pé lèmọ́mù ti ń ta géèmù lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni náà kò jìnnà sí òótọ́ púpọ̀. Èmi àti ọmọbìnrin mi kejì ni a wà níbẹ̀, ẹni tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ àwòrán tí ń rìn ní yunifásítì. Iṣẹ́ tí a ń ṣe ni pé a fẹ́ kí ọwọ́ kan tẹ ikùn kan nínú kọ̀ǹpútà, kí ikùn náà sì mọ̀ pé ọwọ́ tẹ òun.

Àṣìṣe mi ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà èmi ni ó yẹ kí n sọ ọ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà òtútù, bàbá kan nínú wa jáde láyé. Àwa ọkùnrin tí a mọ ìwẹ̀ òkú nínú jàmáà yìí kò ju mẹ́ta lọ, ọ̀kan nínú wa sì ti ń fi ọ̀pá rìn. Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé kí ó wá kọ́ ọ. Ọmọ dáadáa ni, Lọ́ńdọ̀nù níbí ni a bí i sí. Nígbà tí a dé ibi tí a ti máa ń tẹ ikùn òkú kí ohun tí ó kù nínú rẹ̀ lè jáde, mo ní, “Tẹ ikùn bàbá.” Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ bí ènìyàn ṣe ń tẹ àpótí tí ẹrù ti kún inú rẹ̀ kí ìdérí rẹ̀ lè pa dé. Ohùn kan jáde láti ọ̀nà ọ̀fun òkú náà, omi díẹ̀ sì tẹ̀lé e. Ẹni tí ó ti ń wẹ òkú láti ọgbọ̀n ọdún mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni. Ọmọ yìí kò mọ̀. Ó fò sẹ́yìn, ó ní, “Àfáà, mo ti ṣe bàbá léṣe.” Láti ọjọ́ náà kò wọ yàrá yẹn mọ́. Ó ń wá kírun Jímọ́ọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn pátápátá ni ó ń dúró sí, bí a bá sì ti sálámà tán, ó ti lọ.

Mo rò ó títí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un, Yorùbá ni, ó sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n níbo ni ó ti ń gbọ́ “tẹ̀” tẹ́lẹ̀? Ẹni tí ó bá dàgbà sí ìlú yìí, aago ẹnu ọ̀nà ni ó ń tẹ̀, fóònù ni ó ń tẹ̀. Èmi ni n kò sọ bí yóò ṣe tẹ̀ ẹ́.

Ó ṣòro láti sọ, nítorí pé a kò sọ ọ́ fún èmi náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí ní Ìwó nígbà tí bàbá mi àgbà mú mi wọ ibi ìwẹ̀ òkú fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí ó kan títẹ ikùn, ó gbé ọwọ́ mi lé e, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ mi, ó sì tẹ méjèèjì pọ̀. Kò sọ̀rọ̀ kankan. Ìwọ̀n tí ó lò gba inú ọwọ́ mi kọjá, ó sì kù síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá kà á nínú ìwé Risala tí Ibn Abi Zayd al-Qayrawani kọ, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà ní ilé-kéwú, pé kí a rọra tẹ ikùn òkú. Mo lọ sí yunifásítì ní Madinah, mo ka àlàyé àwọn onímọ̀ lórí rẹ̀. “Rọra” náà ni mo ń bá pàdé. N kò rí ẹni tí ó wọ̀n ọ́n fún mi.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò máa gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí bàbá mi àgbà ti ṣe. Ọjọ́ tí òkú bá wà, iṣẹ́ ni ó gbé ọ̀pọ̀ wọn jáde. Òmíràn ni pé kò dára kí ẹni tí a kò nílò rẹ̀ wà níbi tí a ti ń wẹ òkú. A kò lè kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ yí ìhòòhò Mùsùlùmí ká. A ra ère oníke kan, irú èyí tí àwọn oníṣòwò aṣọ ń gbé sí ẹnu ìsọ̀. Ó wúlò dé àyè kan. A fi kọ́ wọn bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún àti láti àwọn ibi tí a ń fọ̀ nínú àlùwàlá, bí ìwẹ̀ náà ṣe ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún, tí kàfúrà sì ń wà nínú omi ìkẹyìn, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú hàdíìsì Umm Atiyya. Ṣùgbọ́n ikùn ère náà le bí akèǹgbè. Ẹni tí ó bá fi gbogbo agbára rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ àti ẹni tí ó rọra tẹ̀ ẹ́, ohun kan náà ni wọn yóò rí.

Kí a ya fídíò òkú gidi? Ẹnikẹ́ni kò dá irú àbá bẹ́ẹ̀, Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí a rí i. Ọmọ mi ni ó sọ lọ́jọ́ kan pé, “Dádì, ẹ jẹ́ kí á mọ ara kan sínú kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe ara ẹnikẹ́ni.” Mo mọ̀ pé àríyànjiyàn wà láàárín àwọn onímọ̀ nípa yíya àwòrán ohun abẹ̀mí, mo sì mọ àwọn tí yóò pè mí lórí fóònù. Ara tí a mọ náà kò ní ojú, kò ní imú, kò ní ẹnu. Aṣọ sì bò ó láti ìdodo dé orúnkún. Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ yẹn síbẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ètò kọ̀ǹpútà tí a lò ni Blender, tí kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú rẹ̀, ara ènìyàn kì í ṣe ẹran. Àwọ̀n ni. Ẹ fi ojú inú wo àwọ̀n apẹja tí a nà bo àyè òfìfo ní ìrísí ènìyàn: kókó wà níbi tí okùn ti pàdé, ihò sì wà láàárín wọn. Ọmọ mi mọ ara náà, ó mọ ọwọ́ náà, ó sì fi hàn mí bí ọwọ́ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sórí ikùn. Mo wò ó. Ọwọ́ náà dé ikùn, kò dúró. Ó la ikùn kọjá, ó dé ibi tí ọ̀pá ẹ̀yìn ì bá wà, ó sì padà sókè. Ikùn kò mira. Mo ní, “Astaghfirullah.” Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó wo ojú mi, ó dákẹ́.

Ohun tí ó yé mi ní alẹ́ ọjọ́ náà ni pé nínú kọ̀ǹpútà, ohun méjì lè wà ní ojú kan náà láìmọ ara wọn. Òǹkà lásán ni àwọn méjèèjì. A gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀kan pé ó rọ̀, kí a sì sọ fún èkejì pé ohun ìdíwọ́ ni. Èrò tèmi ni pé ikùn tí ọwọ́ ń bọ̀ wá kàn ni ó yẹ kí á fún ní àṣẹ ìkọlù, nítorí pé òun ni a ń kọlù. Ìdàkejì rẹ̀ ni. Ara tí yóò fara sílẹ̀ ni ó ń gba àṣẹ tí wọ́n pè ní Soft Body. Ohun tí ó wá láti ìta láti kọlù ú ni ó ń gba Collision. Ọwọ́ ni a kọ́kọ́ ní láti kọ́, kì í ṣe ikùn.

Kí a tó dé ibẹ̀, ó kù kí a sọ ibi tí ara rọ̀ àti ibi tí kò rọ̀. Ètò náà ní ohun kan tí ó ń jẹ́ Goal: a fi ọ̀dà kun ara náà, pupa níbi tí kò gbọdọ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, àwọ̀ búlúù níbi tí ó lè rìn. Ọmọ mi kun gbogbo ikùn ní búlúù, láti ìgbáàyà dé itan. Mo ní rárá, mo sì gba asin náà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ohun kékeré tí a fi ń darí kọ̀ǹpútà. Mo fi pupa sí etí egungun ìhà méjèèjì, mo fi sí egungun ìbàdí, mo jẹ́ kí àwọ̀ náà máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wá sí abẹ́ ìdodo, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ń fara sílẹ̀ jù. Ó bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Ẹ̀yin ará, inú mi dùn ní wákàtí náà ju bí ó ti yẹ lọ.

A fún ọwọ́ ní Collision. Ọwọ́ sì tún la ikùn kọjá. Sátidé méjì ni a fi ń wá ìdí rẹ̀. Gbogbo àṣẹ ni ó wà ní ipò, a sì ń pa ìṣirò àtijọ́ rẹ́ kí a tó tún un ṣe, nítorí pé bí a kò bá pa á rẹ́, ohun tí ó ti ṣírò tẹ́lẹ̀ ni yóò máa fi hàn wá. Ìgbẹ̀yìn ni ó rí i. Inú ọwọ́ náà ni egungun wà, èyí tí ń mú un rìn, àṣẹ rẹ̀ sì ń jẹ́ Armature. Òkè sí ìsàlẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń ka àṣẹ. Collision ni ó wà lókè, Armature ni ó wà nísàlẹ̀. Nítorí náà ọwọ́ tí ojú wa ń rí ti sọ̀ kalẹ̀ sórí ikùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ìṣirò ìkọlù mọ̀ ṣì nà gbalaja ní ibi tí a ti mọ ọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ mi gbé ọ̀kan sí abẹ́ èkejì. Kò gbà á ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì.

Nígbà náà ni ikùn kọ́kọ́ mira, ẹ̀rù sì bà mí ju ìgbà tí kò mira lọ. Ọwọ́ kò tíì dé ara, ikùn ti wọlé. Àlàfo tí ó fẹ̀ tó ìka ènìyàn wà láàárín wọn, bí ẹni pé òkú náà ń sá fún ẹni tí ń wẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà ni. Ètò náà máa ń da bí awọ kan tí a kò lè rí bo ohun ìkọlù, kí ó lè mọ̀ ṣáájú pé nǹkan ń bọ̀. Ìwọ̀n awọ ìta ń jẹ́ Outer, ti inú ń jẹ́ Inner. Bí a bá bá a nílẹ̀, Outer jẹ́ 0.02, Inner jẹ́ 0.2. Bí a bá mọ ara ní ìwọ̀n ènìyàn gidi ní mítà, sẹ̀ǹtímítà 2 ni ti ìta, 20 sì ni ti inú. Ọwọ́ wo ni ó nípọn tó 20? Ọwọ́ tí a mọ kò nípọn tó 3. A dín ti ìta kù sí mìlímítà 3, a dín ti inú kù sí sẹ̀ǹtímítà 1. Àlàfo náà pa dé, ikùn tí ó ti ń gbọ̀n bí ògì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì sì dákẹ́.

Ó kù sí ibì kan. Bí ọwọ́ bá yára, ó tún ń kọjá. Àwòrán 24 ni fíìmù wa ní nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí ọmọ mi jẹ́ kí ọwọ́ rin sẹ̀ǹtímítà 6 láàárín àwòrán kan sí èkejì, ìka tí kò nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 wà lókè awọ nínú àwòrán àkọ́kọ́, ó sì ti wà nísàlẹ̀ awọ nínú èkejì. Kò sí ìgbà kankan tí kọ̀ǹpútà bá wọn níbi tí wọ́n ti pàdé. A ní kí ó pín àárín àwòrán kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 20, kí ó máa wo mìlímítà mẹ́ta mẹ́ta. Ó rí wọn. Iṣẹ́ náà sì lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí a fi kírun Ìṣáì, tí a jẹun, tí a padà bá a níbi tí ó ti ń ṣírò. Ihò àwọ̀n náà tún wà: ojú àwọ̀n ikùn fẹ̀, orí ìka sì ń yọ́ gba àárín kókó bí ẹja wẹ́wẹ́. A hun ojú àwọ̀n ikùn nìkan ní kékeré. Ti ọwọ́ ní tirẹ̀, a mọ ọwọ́ kejì tí kò ní èékánná àti ìlà àtẹ́lẹwọ́, a fi pamọ́ sínú ti àkọ́kọ́, òun ni a sì fún ní Collision. Ẹni tí ń wo fíìmù kò ní rí i láéláé, ṣùgbọ́n òun ni ó ń ṣiṣẹ́.

Àwọn tí ó ń ṣe fíìmù ńlá ní ọ̀nà tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ní 1987 ni Demetri Terzopoulos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí wọn jáde lórí bí a ṣe lè ṣírò ohun tí ó ń tẹ̀ tí ó sì ń nà, ní 2013 sì ni a fún àwọn mẹ́ta ní ẹ̀bùn ìmọ̀ ẹ̀rọ níbi Oscar fún Tissue, ètò tí ń ṣírò ẹran ara ẹ̀dá inú fíìmù. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń to iṣan lé egungun, ó sì ń to awọ lé iṣan. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ òfìfo tí a fi sípíríǹgì so pọ̀ ni. Bí a bá tẹ àárín ikùn gidi, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń wú díẹ̀. Tiwa kì í wú, nítorí pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ọmọ mi fi ọwọ́ ya wíwú náà sí i. Mo mọ̀ pé àgàbàgebè ni, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ó dá mi dúró nìyí. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti tò, mo bi ọmọ mi pé níbo ni a ó ti fi “rọra” sí. Ó ní kò sí irú ibẹ̀. Mo ní bí ikùn bá tako ọwọ́, ǹjẹ́ ọwọ́ kò ní dúró? Ó ní, “Rárá, Dádì. Ọwọ́ ń ti ikùn. Ikùn kò lè ti ọwọ́ padà. Ọwọ́ kò mọ nǹkan kan lára. Ibi tí mo bá ní kó dé ni yóò dé.” Lójú ìṣirò yìí, gbogbo ìrọ̀rùn ikùn kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹni tí ń darí ọwọ́ bá fẹ́, yóò tẹ̀ ẹ́ kan ọ̀pá ẹ̀yìn, ikùn yóò sì wọlé ní ìgbọràn. Mo jókòó, n kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí òkú ṣe rí náà nìyẹn. Alààyè tí a bá tẹ̀ jù yóò ké. Ẹni tí a gbé ka orí pẹpẹ ìwẹ̀ kò ní ké. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti fi dídá egungun òkú wé dídá ti alààyè. Mo ti fi hàdíìsì yẹn ṣe wáàsí lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì fìgbà kan ronú kan ọmọ tí mo sọ fún pé “tẹ̀”.

Mo gbé òṣùwọ̀n ilé ìdáná wá láti ilé, èyí tí ìyá àwọn ọmọ fi ń wọn ìyẹ̀fun. Mo di ojú mi, mo rántí Ìwó, mo tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi lé e. Kò tó kílò méjì. Mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i, àwọn nọ́ńbà náà kò jìnnà síra wọn. Ó tó ogójì ọdún tí bàbá mi àgbà ti gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi. Òun náà ti wà lábẹ́ ilẹ̀ tipẹ́. Ọmọ mi kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ní kọ̀ǹpútà kò nílò kílò: bí yóò ṣe jìn tó àti bí yóò ṣe pẹ́ tó ni ó nílò. Mo dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo tẹ ikùn ara mi, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá gun òkè wá ní àkókò náà, n kò mọ àlàyé tí mo lè ṣe.

A fi í han Alhaja tí ó jẹ́ olórí àwọn obìnrin tí ń wẹ òkú. Wọ́n wò ó dé òpin, wọ́n ní kí a tún un fi hàn. Wọ́n ní, “Ó dára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí kò kí i.” A kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n gbé ọwọ́ lé apá ọmọ mi, wọ́n jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní, “Ẹ ń bá a débẹ̀ lójijì. Jẹ́ kó mọ̀ pé o ti dé.” Ìṣẹ́jú-àáyá méjì, ọmọ mi ṣírò rẹ̀: àwòrán 48 tí ọwọ́ yóò kàn fi wà lórí ikùn.

Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. N kò pè é wá wo fíìmù. Mo ní mo fẹ́ tọrọ àforíjì, àti pé bí ó bá ráàyè ní Sátidé, mo nílò ọwọ́ rẹ̀. Kò fèsì. Ó dé nígbà tí a ti kírun Ìṣáì tán, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá òkè pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún un, mo sì sọ fún un pé afẹ́fẹ́ ni ohùn ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà mo ní kí ó gbé ọwọ́ lé òṣùwọ̀n. Mo gbé tèmi lé e, mo sì tẹ méjèèjì pọ̀.

Ó wo nọ́ńbà náà, ó wo mí. Ó ní, “Àfáà, ṣé kò ju báyìí lọ ni?”

Mo ní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mi ti ń pa ìṣirò àtijọ́ rẹ́ lọ́wọ́, kí ó lè tún un ṣe pẹ̀lú àwòrán 48 tí Alhaja béèrè.